Ife Ọtí ní Ibùdókọ̀ Saritepe

Ọta ìbọn tán lọ́wọ́ wa kí ẹ̀mí tó tán lára wa. Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí bá bi mí pé kí ló dé tí Balógun wa fi sá kúrò ní Òkè Strandja, tó lọ wọ rélùwéè bí oníṣòwò. Sísá kọ́. Ẹ wá fi ìbọn tí kò lọ́ta dúró níwájú àwọn ṣọ́jà Sọ́tánì ọba Tọ́kì, kí n wò yín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sun abúlé wa, wọn ò yan ẹni tí wọ́n ń pa. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ àlùfáà, wọ́n sì tiná bọ òrùlé. Wọ́n gún bàbá ọkọ mi pa lórí àpò àlìkámà tí kò fẹ́ fi sílẹ̀ fún wọn. Zlatan ọkọ mi dúró sẹ́nu afárá pẹ̀lú àwọn ọkùnrin díẹ̀, kí àwa obìnrin àti ọmọdé lè ráyè kọjá sínú igbó. A kọjá, òun ò kọjá. Ìbọn ró fún ìgbà díẹ̀, ó dákẹ́, gbogbo ìjà ọjọ́ náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbé Ruska ọmọ mi sẹ́yìn, mo fa ìyá mi lọ́wọ́, mi ò bojú wẹ̀yìn.

A sá dé àfonífojì kan tí àwọn tó ń sun èédú máa ń gbé. Àpáta wà lọ́tùn-ún, àpáta wà lósì, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní. Àwọn ṣọ́jà mọ̀ pé inú ibẹ̀ la wà, wọn ò sì yára. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sun àgùntàn tiwa jẹ, kí òórùn rẹ̀ máa fẹ́ sí wa nímú. Àgbá ni wọ́n ń retí. Màlúù ló ń wọ́ ọ bọ̀ láti ìlú Edirne, òjò ti ba ojú ọ̀nà jẹ́, ìyẹn nìkan ló jẹ́ ká ṣì wà láàyè. Bí àgbá bá dé kí ìbọn tó dé bá wa, Ruska á kú, ìyá mi á kú, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á kú.

Balógun wa ni Pano, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Òun là ń kì ní Àṣá Strandja, àṣá tó gbé adìyẹ Páṣà lójú Páṣà, a-báni-jà-má-tìjà-bọ-àpò. Stamat, ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ni ọ̀rẹ́ imùlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti fi ẹnu kan Ìwé Ìhìnrere, wọ́n fi kan ọ̀bẹ, wọ́n fi kan ìbọn, wọ́n gé àtàǹpàkò ara wọn, wọ́n sì lá a. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ò lè bá ọ̀kan ṣeré kí ẹ má bá èkejì ṣe é.

A pe ìpàdé nínú ahéré àwọn eléèédú. Bàbá Lefter, tó dàgbà jù nínú wa, ló jókòó sórí kùkùté igi, Pano sì dúró níwájú rẹ̀.

"Ìbọn wà," ni Pano wí. "Èyí tó máa tó wa, pẹ̀lú ọta rẹ̀, wà ní òdìkejì ààlà, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ọlọ́tí kan ní Bọ̀gáríà. Àwọn ọmọkùnrin wa tó wà lọ́hùn-ún náà á gbé e gba inú igbó wọlé láti ẹ̀yìn àwọn ṣọ́jà. Ohun tó kù ni ẹni tó máa lọ gbà á."

"Rán ẹnì kan nígbà náà," ni Bàbá Lefter wí. "Kí ni ìwọ ń fẹ́ fi ara rẹ ṣe?"

"Bàbá, ọlọ́tí náà ti fi ọmọ rẹ̀ búra fún mi pé bí kì í bá ṣe ojú mi lòun rí, òun ò ní ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, bó ṣe ọba. Èmi ni mo sì ní kó búra bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti dalẹ̀ wa rí."

Bàbá náà mi orí. "Gbogbo ọ̀nà inú igbó ni wọ́n ti dí. Adìyẹ lásán ò lè gba ibẹ̀ kọjá, áńbọ̀sìbọ́sí ìwọ tí wọ́n fi owó lé orí rẹ."

Ni Stamat bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kì í lè jókòó síbi ọ̀rọ̀ tó le kó má rẹ́rìn-ín. "Bàbá, inú igbó ni wọ́n ti ń wá àṣá. Ta ló ń wá àṣá nínú rélùwéè?"

Gbogbo wa wò ó bí ẹni tí ebi ti dà lórí rú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Kí ogun tó dé, Pano bá ará Ítálì kan ṣiṣẹ́ ní Edirne, ọkùnrin tó ń ra sẹ́dà tútù lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ibà pa òun àti ìyàwó rẹ̀ lójijì. Pano sin wọ́n, ó sì mú ìwé ìrìnnà ọkùnrin náà pamọ́. Kò sí fọ́tò nínú ìwé ìrìnnà láyé ìgbà náà. Wọ́n kàn ń fi ẹnu ṣàpèjúwe èèyàn síbẹ̀ ni: Girolamo Besutti, ó ga, ojú rẹ̀ dúdú, irùngbọ̀n rẹ̀ pupa, àpá iná wà lọ́rùn ọwọ́ òsì rẹ̀, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ rìn.

"Làálì á mú irùngbọ̀n pọ́n," ni Stamat wí. "Irin gbígbóná á ṣe àpá. Ó ku ìyàwó."

Ojú gbogbo wọn yí sí mi. Àwọn obìnrin tó kù, ọmọ ń bẹ lọ́mú wọn tàbí nínú wọn.

"Mi ò gbọ́ èdè Ítálì kankan," ni mo wí. "Ẹ sì mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́."

"A ó di ẹnu náà ni, àbúrò," ni Stamat dáhùn. "Eyín ń dùn ọ́. A ó fi aṣọ di àgbọ̀n rẹ, a ó fi kànáfùrù sí ọ lẹ́nu. Ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ayé rẹ ni wàá dákẹ́, ìlú á sì fi là."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo wo ẹ̀yìn, tí mo rí Ruska tó ń jẹ epo igi sísè, ẹ̀rín náà kú lẹ́nu mi. Mo ní mo máa lọ.

Bàbá Lefter ló kọ́ Pano. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Pano bá fi ìka mẹ́ta ṣe àmì àgbélébùú láti ọ̀tún sí òsì bíi tiwa, ọ̀pá á bà á lọ́wọ́. "Àgùdà ni ọ́ báyìí," ni bàbá á wí. "Ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Òsì sí ọ̀tún. Tún un ṣe." Ó kọ́ ọ bó ṣe máa jókòó, bó ṣe máa bínú, bó ṣe máa bá ìránṣẹ́ sọ̀rọ̀. Stamat ló máa ṣe ìránṣẹ́ náà, pẹ̀lú ìwé ará Améníà kan tó ti kú. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó ní látọjọ́ tóun ti ń tẹ̀ lé Pano, òun ò tíì gba owó ọ̀yà.

Kí a tó jáde, Bàbá Lefter mú rakíà tó kù nínú ìgò jáde. Ó tó ẹnu bíńtín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù wa tẹ ife sí ẹ̀gbẹ́, ó ta díẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Kí Ọlọ́run dárí jì wọ́n." Lẹ́yìn náà la tó mu. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ní ilẹ̀ wa, bí òkú bá ti wà ní ọkàn ẹni, ọtí kì í dé ètè kó má kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ọmọ wa ti ń ṣe é kó tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀ pè. Mo ta ti Zlatan, ilẹ̀ gbà á.

Pano kúnlẹ̀ níwájú àwọn ọmọdé, ó fi ẹnu kan ilẹ̀. "Bí mo bá dé òdìkejì tí mi ò bá ìbọn padà wá sọ́dọ̀ yín, kí ilẹ̀ má gba òkú mi."

"Ẹni bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ," ni Bàbá Lefter wí. Gbogbo ilé ní àṣẹ.

Ìkùukùu òwúrọ̀ la fi jáde. A fi àyà fà nínú odò, ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn ṣọ́jà so ẹṣin mọ́. Ọ̀kan nínú wọn wá tọ̀ sétí omi, ó sì rí mi. Kò tíì lanu tán tí Stamat fi di í lẹ́nu látẹ̀yìn, tó fi ọ̀bẹ sí i lọ́fun. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná lórí ọwọ́ mi nínú omi tútù náà. Ọmọ kékeré ló jọ, irun ètè rẹ̀ ò tíì le. Mo ní kí Ọlọ́run dárí jì í náà, nítorí ìyá bí i.

Ní Edirne, obìnrin kan tó máa ń fọṣọ fún Besutti wá aṣọ rẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ fún wa. Irùngbọ̀n Pano pọ́n bí ìrù kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Aṣọ ìyàwó náà fún mi lọ́rùn, kànáfùrù ń ta mí lẹ́nu, Stamat sì gbé àpótí lé orí, ó ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní "Ọ̀gá" bí ẹni tí wọ́n bí sínú iṣẹ́ ìránṣẹ́.

Nínú ọkọ̀, yàrá kan náà la wà pẹ̀lú ọkùnrin Júù kan tó ń ta aṣọ, Nissim lorúkọ rẹ̀. Ìbejì ni ìgò wáìnì méjì tó gbé sẹ́sẹ̀, ó ń tọ́jú wọn bí ọmọ. Ó kí Pano ní èdè Ítálì, Pano sì dá a lóhùn dáadáa. Ó wò mí, ó ní kí Ọlọ́run ta eyín mi lọ́rẹ. Mo mi orí sí i. Ebi ń pa mí, mo sì ń rora jẹ eèpo búrẹ́dì líle kan tí Stamat fi sọ́wọ́ mi. Mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wò mí.

Saritepe ni ibùdókọ̀ tó kẹ́yìn ní ilẹ̀ Sọ́tánì. Ẹ ó rí òkè Bọ̀gáríà láti ibẹ̀. Ọkọ̀ dúró, àwọn ṣọ́jà wọlé, wọ́n gba ìwé ìrìnnà gbogbo wa, wọ́n ní kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìṣe wọn. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti máa ń yẹ ìwé wò.

Ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀ la rí i. Wọ́n to orí èèyàn sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, iyọ̀ ṣì wà nínú irun wọn. Tábìlì wà níwájú àwọn orí náà, ìgò rakíà àti àwọn ife kéékèèké wà lórí tábìlì. Mo wo orí àkọ́kọ́, mo wo èkejì. Ẹ̀kẹta ni Zlatan ọkọ mi. Wọ́n ti lu eyín iwájú rẹ̀ kúrò.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n sọ bó ṣe rí lára mi, mi ò lè sọ ọ́. Mo fi eyín gé ahọ́n ara mi, ẹ̀jẹ̀ àti kànáfùrù kún mi lẹ́nu. Pano dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ni Zlatan.

Nazmi Efendi ni ọ̀gá àwọn ṣọ́jà ààlà. Kì í ṣe àlejò sí wa. Abúlé tó bá tiwa pààlà ni wọ́n bí i sí, ó ti jẹ búrẹ́dì Ọjọ́ Àjíǹde nílé wa, ó ti jó níbi ìgbéyàwó wa. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ aṣọ tó di àgbọ̀n mi, nítorí ó bo ìdajì ojú tí ì bá dá mọ̀. Edirne ni Pano wà láwọn ìgbà náà, ọkùnrin yìí ò mọ ojú rẹ̀; àpótí orí Stamat sì ṣíji bo ojú tirẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ni ó wí, ohùn rẹ̀ tutù. "Ọjọ́ ayọ̀ lọjọ́ òní. A ti pa àwọn olórí ọlọ̀tẹ̀. Mùsùlùmí máa kọjá lọ. Ẹ̀yin yòókù, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹnì kọ̀ọ̀kan á mu ife kan níwájú wọn, kí n tó dá ìwé rẹ̀ padà."

Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ gbà á. Ó mu ún, ó húkọ́, wọ́n fún un ní ìwé rẹ̀. Nissim gbà á, ó sọ ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ ètè, ó mu ún. Lẹ́yìn náà ló kan oníṣòwò ẹran kan tó sanra, ará Bọ̀gáríà, tí ìwé rẹ̀ pé pérépéré. Ọkùnrin náà gba ife, ó wo àwọn orí náà, ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀kán kan péré ló bọ́ sílẹ̀. N kò rò pé òun alára mọ̀.

Nazmi Efendi rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta lo ta á fún?"

"Ta kí ni, Efendi?"

Ìdí ìbọn ló dá a lóhùn. Wọ́n gbá a lẹ́nu, ó ṣubú, wọ́n tún gbá a nílẹ̀. "Ìwé mi pé," ló ń wí nínú ẹ̀jẹ̀, "Efendi, ìwé mi pé."

"Ìwé rẹ pé," ni Nazmi Efendi wí. "Ọwọ́ rẹ ni kò pé. Mo fẹ́ mọ òkú tí o ní níbí." Wọ́n wọ́ ọ lọ sẹ́yìn ilé ẹrù. Igbe rẹ̀ pọ̀, ìbọn ró lẹ́ẹ̀kan, igbe náà tán.

Ìgbà náà ló yé mi. Gbogbo ohun tí ẹnu àti ìka lè fi tú wa fó ni Bàbá Lefter ti fi ọ̀pá lù kúrò lára Pano. Eléyìí, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni nínú wa tó mọ̀ pé ìṣe ni. Bí èèyàn ṣe ń ṣẹ́jú ni.

"Ọ̀gbẹ́ni Besutti," ni Nazmi Efendi pè. Ó ń wo ìwé, ó ń wo irùngbọ̀n. Ó ní kí Pano ká ọwọ́ aṣọ òsì, ó rí àpá. Ó béèrè nǹkan méjì mẹ́ta, Pano fi èdè Ítálì dáhùn, ó sì tún fi ti Tọ́kì tó wọ́ dáhùn, bí àlejò. Ó bínú díẹ̀ pàápàá, bí a ṣe kọ́ ọ. Ni wọ́n gbé ife lé e lọ́wọ́.

Ojú Pano wà lára Zlatan. Ó yẹ kó wo ibòmíràn, kò sì lè wo ibòmíràn. Mo rí i tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ẹ. Ó ń wá bí oorun ṣe ń wá. Etí ife náà ń sọ̀ kalẹ̀, ọtí ti dé bèbè, Nazmi Efendi sì ti tẹ orí síwájú.

Stamat ló gbà wá. Ó wà lẹ́yìn wa pẹ̀lú àpótí lórí. Ó sọ àpótí sílẹ̀ gbàà, ó na ọwọ́ gba ìgò lórí tábìlì, ó sì da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo ayé.

"Zlatan," ló wí ní èdè wa, ohùn rẹ̀ dún gba gbogbo ibùdókọ̀. "Kí Ọlọ́run dárí jì ọ́. Jẹ́ kí n bá ọ mu èyí tó kù." Ó gbé ìgò sẹ́nu, ó mu ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì fọ́ ọ mọ́ ṣọ́jà tó sún mọ́ ọn lójú.

Ìjà náà ò pẹ́. Ó já ìbọn gbà lọ́wọ́ ọ̀kan, ó fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn náà gún un nínú, ó tún gún èkejì ní itan. Wọ́n pọ̀ jù fún un. Wọ́n gún un lẹ́yìn, wọ́n gún un ní ìhà, ó kúnlẹ̀, ó tún dìde. Ó wojú mi lẹ́ẹ̀kan. Kò pe orúkọ mi, kò pe ti Pano. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀rín rẹ̀ yẹn, wọ́n sì gún un lọ́fun, ó ṣubú síbi tí ọtí ti rin ilẹ̀.

Nazmi Efendi yíjú sí Pano. "Ìránṣẹ́ rẹ ni."

Ibi tí ẹ̀mí gbogbo àfonífojì rọ̀ sí nìyẹn. Bí Pano bá sunkún, a ti kú. Bó bá jà, a ti kú, àgbá á sì dé bá Ruska láìsí ẹni tó mọ ibi tí ìbọn wà. Ó tú itọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi lára. Ó fi bàtà ta ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà.

"Ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ ní Edirne ni mo ti gbà á síṣẹ́," ló wí. "Àpótí mi ti fọ́. Ta ló máa san án?"

Ó gbé ife náà sẹ́nu, ó sì mu ún tán. Ẹ̀kán kan ò bọ́.

Nazmi Efendi ń wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló yí sí mi. "Ìyàwó náà. Rakíà dára fún eyín." Fúnra rẹ̀ ló sún aṣọ kúrò lẹ́nu mi díẹ̀, ìwọ̀n ibi tí ife máa gbà, ó gbé ife sí mi lọ́wọ́. Orí ọkọ mi wà níwájú mi, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti dé bàtà mi. Ọwọ́ mi fẹ́ yí. Mo fi ọwọ́ kejì di ọrùn ọwọ́ náà mú bí ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí ìrora, mo sì gbé e mì. Mo ti gbé oyún méjì tó kú sin, mo ti jẹ epo igi, mi ò tíì gbé ohun tó korò tó bẹ́ẹ̀ mì rí.

Ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé wa. Mo ṣì ń gbọ́ ìró rẹ̀ bí mo bá wà lémi nìkan.

Ọkọ̀ gbéra. A kọjá afárá, a rí àsíá Bọ̀gáríà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà irin. Nígbà náà ni Nissim tẹ̀ ba, ó ṣí ọ̀kan nínú ìgò wáìnì rẹ̀, ó wá ife méjì nínú àpò rẹ̀, ó sì bu wáìnì sí wọn.

"Ẹ gbà," ló wí jẹ́jẹ́, ní èdè tiwa. "Láti Edirne ni mo ti mọ̀, ìyáàfin. Ẹni tí eyín ń dùn kì í jẹ eèpo búrẹ́dì."

"Ẹ ò sì sọ," ni mo wí. Ohùn mi ha, ó sì yà mí lẹ́nu pé mo ní ohùn.

"Wọn ò bi mí."

Mo gba ife. Mo ta á sílẹ̀ sórí ilẹ̀ ọkọ̀ náà, mo ta ti Zlatan, mo ta ti oníṣòwò ẹran tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, mo da gbogbo ìyókù fún Stamat. Ni mo tó sunkún. Mo sun ún bí ẹranko. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ń jáde lẹ́nu mi.

Pano na ọwọ́ sí ife kejì. Làálì irùngbọ̀n rẹ̀ ti yọ́ pẹ̀lú omijé, ó ń kán sí ọrùn aṣọ rẹ̀. Ó gbé ife náà, ó ń tẹ̀ ẹ́, ètè rẹ̀ ti ń wí pé, "Stamat, kí Ọlọ́run..."

Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, lórí àpá iná gan-an.

"Rárá," ni mo wí. "Stamat ò ta tirẹ̀ sílẹ̀ kí ìwọ lè wá ta tìrẹ nínú rélùwéè, kí ọkàn rẹ sì fúyẹ́." Látọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, n kò pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ìwọ rí. "O kúnlẹ̀ níwájú àwọn ọmọ, o sì búra. Ọjọ́ tí o bá gbé ìbọn dé ọ̀dọ̀ Ruska ni kí o ta á. Kó tó dìgbà náà, ọwọ́ yìí ò gbọdọ̀ tẹ̀."

Ó wò mí. Mo rò pé ó máa gbá mi. Ọkọ̀ dúró ní ibùdókọ̀ àkọ́kọ́ Bọ̀gáríà, ọ̀gá kékeré kan ṣílẹ̀kùn, ó ní ká mú ìwé ìrìnnà wá. Ó wo ìwé, ó wo irùngbọ̀n tó ń ṣàn, ó sì bínú.

"Ẹ̀yin ará Ítálì yìí, kí lẹ dà sílẹ̀ nínú ọkọ̀?"

"Wáìnì," ni mo wí ní èdè wa. "Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Saritepe. Ọkọ mi wà níbẹ̀."

Ó wo ilẹ̀. Ó bọ́ fìlà rẹ̀. "Kí Ọlọ́run dárí jì wọ́n," ló wí, ó sì ká ìwé Besutti, ó dá a padà láì lu òǹtẹ̀ kankan sí i. "Ẹ máa lọ."

Pano gbé ife náà sójú fèrèsé bó ṣe kún, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń lọ kánkán sí ọ̀nà ilé ọlọ́tí, èmi sì tẹ̀ lé e.

Ibi gbogbo tí wọ́n ti fún un ní ọtí lẹ́yìn náà, kò fọwọ́ kàn án. Àwọn ọmọkùnrin tó bá wa gbé ìbọn ní ó ti di ọmọ ìjọ tí kì í mutí. A gba ẹ̀yìn yọ sí àwọn ṣọ́jà ní ẹnu àfonífojì láàárín òjò, nígbà tí màlúù ń fa àgbá gun gegele tó kẹ́yìn. Ìjà náà gbóná, kò sì pẹ́. Nígbà tí ó tán, Bàbá Lefter wá ìgò kan láti inú àpò òkú ọ̀gá wọn, ó bu ú sínú ife, kò sì mọ ẹni tó yẹ kí òun fún.

Ruska ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbẹ bí igi, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn wá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó ń ṣọ́ ọ kó má baà dànù.